Mo Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Lórí Ẹní Àìsàn, Wọn Ò Sì Bẹ̀ Mí

Bàbá mi, arẹwà ọkùnrin tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi,

Ẹ kú ilé o, bí ibi tí ẹ wà bá ṣe é pè nílé. Láti àná ni ẹnu mi ò ti padé. Eṣinṣin ti fẹ́ kọ́lé sí i. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún, nítorí ẹ̀yin gan-an lẹ fà á. Ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó dópin.

Láti ìgbà tí ọkọ́ ti ń wúwo lọ́wọ́ mi ni mo ti wà ní oko adìyẹ Alájà kan lọ́nà Ara. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa ẹyin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n máa ya èyí tó bá sán sọ́tọ̀. Bàbá Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè mí. Mo fi orúkọ àwọn àna mi sọ àwọn adìyẹ náà. Èyí tó ń jẹun jù tí kì í sì í yé, ẹ̀yin náà mọ orúkọ ẹni tí mo fún un. Bó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, màá ní, "Alájà, ẹ wá ẹlòmíràn o, mo ń lọ sinmi nílé mi." Alájà á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ẹlẹ́yin, ta ni yóò máa bá mi bú àwọn adìyẹ yìí?" Màá fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń rò ó, màá wá ní, "Ó dáa, nítorí tiyín ni o." Bàbá, ìyẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ.

Ìgbẹ́ adìyẹ ló gbé mi ṣubú. Mo yọ̀, mo jókòó lé kíréètì ẹyin, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì ṣẹ́. Àwọn adìyẹ ń wò mí bí ìgbà tí àwọn àna mi máa ń wò mí. Nílé ìwòsàn wọ́n fi pí-ó-pì dì í, dókítà sì kọ ìwé pé kí n sinmi nílé. Máníjà wa, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sàfúrátù, gba ìwé náà, ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi, pé iṣẹ́ mi ń dúró dè mí. Mo fi fìlà mi kọ́ ìṣó ní yàrá ẹyin, mi ò mú un. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí ẹ̀yin àti Màámi bá ti jà, ẹ ó di ẹrù, ẹ ó ní ẹ ń lọ sí abà ní Alájùé, pé ẹsẹ̀ yín ò ní tẹ ilé náà mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kan péré! Ẹ ó máa tiro lọ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, ẹ ó jókòó sídìí igi máńgòrò ní ìkòríta, ẹ ó máa fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ọ̀nà. Màámi á rán àwa ọmọ tẹ̀ lé yín, a ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ẹ ó ní ẹ ò gbà, pé bàtà yín nìkan lẹ fẹ́ padà lọ mú. Ẹ ó wọlé, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn. Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ ni, Bàbá?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló wá kí mi. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó yọjú mọ́. Alájà wá fi ẹyin rán ọlọ́kadà sí mi. Ẹyin! Èmi Bàbá Ẹlẹ́yin! Inú bí mi. Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi fiṣẹ́ sílẹ̀ o, pé mo fún wọn ní oṣù kan bí àdéhùn wa ṣe wí. Mo fọwọ́ sí i, mo fi rán ọlọ́kadà náà padà. Ìyàwó mi, Ràbí, dúró, ó wò mí.

"Bàbá Ràmótà, ṣé eré nìyí àbí òótọ́?"

Mo ní kó lọ ra obì sílẹ̀, pé àwọn onípẹ̀ ń bọ̀.

Wọ́n sì wá lóòótọ́. Àná ni. Kẹ̀kẹ́ méjì kún fọ́fọ́. Mo yáa gbé ẹsẹ̀ pí-ó-pì sórí àpótí, mo fajú ro. Alájà wọlé tòun ti omijé, ó kúnlẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ̀n-ẹ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀. Àṣé ó wá dúpẹ́ ni, kò wá bẹ̀bẹ̀!

"Bàbá Ẹlẹ́yin, ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń sọ pé ẹ fẹ́ sinmi, ẹ̀rín la ń fi yín rín. Èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Ẹ foríjì mí. Mo gbà báyìí."

Wọ́n ṣe àdúà fún mi. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kalẹ̀. Ràbí ń ṣe àmín kíkankíkan. Sàfúrátù wá yọ ọ̀rá kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Fìlà mi ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ń ta sánsán ọṣẹ.

Bàbá, bàtà ẹsẹ̀ kan tèmi ni wọ́n gbé wá bá mi yẹn.

Mo ní kí wọ́n dúró ná, eré ni mò ń ṣe. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń rín tó. Ọ̀kan tiẹ̀ gbá mi léjìká, ó ní, "Bàbá yìí ò ní yíwà padà láé!" Mo wá ní aláìsàn ni mí, pé a kì í ka ọ̀rọ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Ẹni tó wà lórí ẹní àìsàn, ṣé ó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?

"Ó lè fi í sílẹ̀ dáadáa, sà," ni Sàfúrátù wí. "Ẹsẹ̀ yín ló ṣẹ́, orí yín ò ṣẹ́."

Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí. Ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dúró de kí ọ̀gá gbà tàbí kó kọ̀. Bó bá ṣe ń dé ọwọ́ wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní oṣù kan tí mo fún wọn ń lọ bí mo ṣe dùbúlẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè ní kí n kọ́kọ́ yá, kí n wá fi oṣù náà ṣiṣẹ́. Títí yóò fi pé, òṣìṣẹ́ wọn tó ń ṣàìsàn ni mí, ohun tó tọ́ sí aláìsàn ò sì ní yẹ̀ lórí mi. Ó ní ìbá ṣe pé àwọn ló halẹ̀ mọ́ mi kí n tó kọ ọ́ ni, mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́.

"Ṣé ẹnìkan fi tipá mú yín, Bàbá?"

Ràbí ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo wá ẹni tí mo lè nàka sí, mi ò rí. Àfi ẹ̀yin. Kóòtù wo ni màá sì pè yín sí?

Mo ní ṣé mo lè gba ìwé mi padà. Ó ní ìyẹn kù sọ́wọ́ Alájà, kì í ṣe dandan fún un. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní obìnrin tó ń bá mi ṣa ẹyin láti ìgbà tí mo ti ṣubú, òun ni wọ́n ti fún níṣẹ́ náà. Ó ti jó, ó ti yọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn, Bàbá. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Ká ní wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, ǹ bá rí ariwo pa. Ẹ̀tọ́ mi pé, iṣẹ́ mi ló lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ràbí kó obì tó rà sínú àwo, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, òun ló ń lọ bẹ̀bẹ̀, Bàbá Ràmótà." Àmọ́ nínú ilé tiwa, ta ló mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀? Ká jókòó kí wọ́n wá bẹ̀ wá la mọ̀. Kí lẹ ò ṣe kọ́ mi ní apá kejì?

Láàárọ̀ yìí mo gbé fìlà náà lé orí. Ó ti súnkì. Ó jókòó sórí mi bí àkéte ọmọlangidi.

Ìgbà tí ẹ lọ kẹ́yìn, ẹ ò di ẹrù, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Màámi ò rán wa níṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Gbogbo wa kúnlẹ̀ yí ẹní yín ká, a sì bẹ̀ yín. Mo yọjú wo ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí bàtà yín, ẹsẹ̀ méjèèjì. Inú mi dùn, Bàbá. Mo rò pé ẹni tó fi méjèèjì sílẹ̀ ò lè rìn jìnnà. Bàtà náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tèmi báyìí. Mo gbé fìlà mi lé e lórí.

Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lọ́jọ́ náà? Àbí ìwé yín ti dé ọwọ́ wọn lọ́run?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ọ̀nà.