Ẹni Tó Dárúkọ Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 1997

Bàbá Jẹ́jẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbádé, ọ̀gá mi — èmi àti ìwé yìí nìkan la mọ̀ pé Bàbá Jẹ́jẹ́ ni mò ń pè wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" ni. Àjọ kan lókè òkun fẹ́ san owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tó ń kọ́ nípa ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá ti lé lọ́dún márùn-ún tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé kò lè béèrè fún un. Tèmi á pé márùn-ún ní Kérésì. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló kù fún mi.

Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ọkọ mi, ní tí kò bá bọ́ sí i, Saudi ló kù. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó di olùkọ́; wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ti wà lórí fìríìjì. Wọn ò fi ìkanra sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Èsì ìwádìí mi dé. Nínú àwọn arúgbó tí mo bi léèrè ní Agbowó àti Bódìjà, àwọn obìnrin ń gbàgbé ju ọkùnrin lọ — ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an. Bàbá Jẹ́jẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. "Èyí ló máa gbé ọ wọlé, ọmọ mi."

Kí ló dé tí mi ò yọ̀? Ìyá mi àgbà ń ki gbogbo agbo ilé láìfo ẹnì kan.

Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo tún ìbéèrè náà kà. Ti òkè òkun ni, èmi ni mo yí i sí Yorùbá. Orúkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀: ti ọkọ tàbí aya, ti àwọn àna. Mi ò rí àléébù kankan.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Àpínkẹ́, tíṣà kan ní Agbowó, mú ìyá rẹ̀ wá. Ó ní nǹkan ń ṣe ìyá òun. Mo wo àkọsílẹ̀: ìyá yìí ló gbégbá orókè nínú gbogbo obìnrin tí mo bi léèrè! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ fọkàn balẹ̀, ọpọlọ ìyá yín jí ju tèmi lọ. Kó lè gbà, mo tún bi Màmá níwájú rẹ̀: kí ni orúkọ ọkọ yín?

"Adéróunmú!" Kíá. Tẹ̀ríntẹ̀rín.

Àpínkẹ́ bú sẹ́kún.

Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ìyá òun rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá pàápàá, "olówó orí mi" ni ìyá ń ké. Ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bí ẹni ń pe ọmọdé.

Màmá ń wò wá. "Ta ló na ọmọ yìí?"

Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Àwọn obìnrin yòókù mọ orúkọ ọkọ wọn. Wọn ò kàn ní í pè é ni. Ìyá kan ní Bódìjà ní òun ti gbàgbé — mo rántí bó ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́, tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òdo ni mo fún un. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Wọ́n ń pe orúkọ ìyàwó wọn fàlàlà.

Èmi aya ilé! Mo ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọkọ mi kò sí lójú ewé kankan. Àbúrò wọn, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Adúmáadán. Ojú mi là sílẹ̀, mi ò rí i.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́. "Jẹ́jẹ́, Fẹ̀hìntọlá. Fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́. Bówó bá dé, wàá tún un ṣe."

Wọn kì í ṣe ìkà. Gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ yìí ti lọ sókè òkun. Èmi ni mo kù. Tí òtítọ́ bá lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ òtítọ́ náà?

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àjọ náà kọ. Mo yọ èsì yẹn kúrò. Ohun tó kù kò pọ̀: ìbéèrè mi ló wọ́, ìyá kan sì fi ibi tó yẹ kí n máa wò hàn mí. Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ wa láti má sọ ló kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé?

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Bàbá Jẹ́jẹ́ bu ọwọ́ lù ú.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí Onírèké, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àjọ náà. Òyìnbó kan bi mí bóyá mo mọ̀ pé èsì ni àwọn yòókù gbé wá, pé àṣìṣe ni èmi gbé wá. Mo ní mo mọ̀. Ìyá àgbà tó jókòó tì í, ará Ìbàdàn wa níbí, kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀rín kí ni?

Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá

Bàbá Jẹ́jẹ́ wá sílé wa ní Baṣọ̀run fúnra wọn, nínú ọ̀wọ́n epo yìí. Àjọ náà fún mi — ọdún kan, kì í ṣe mẹ́ta. Wọ́n ní kí a wò ó ná. Fọ́ọ̀mù Saudi ṣì wà lórí fìríìjì. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá Tiwátọ́pẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀mọ̀wé ọjọ́ ogbó! Ó yá, pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré, ká fi yọ̀."

Mo la ẹnu. Tiwátọ́pẹ́ ń wò mí. Orúkọ náà kò jáde.

Inú mi dùn pé kò jáde.