Oyún Tí N Kò Ní

Ajé, 6 oṣù karùn-ún, 1991
Ó ti yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́: n kò lóyún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wú mi lẹ́sẹ̀, tó ń mú ojú mi gbóná bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò. Tinúọlá – Rédíò ni mo ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ – ló rí ọrùn ẹsẹ̀ mi níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ nílé iṣẹ́: "Hẹn-ẹ́n, Ìyá Kaothar! Lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Ẹ ṣì ń báṣẹ́ lọ!" Mo rẹ́rìn-ín. N kò sẹ́. Ọ̀gá Dàwódù – Baba Ìbọ̀sẹ̀, tí kì í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn nínú ooru Ìkẹjà yìí – gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó ní kí n máa jókòó ká aṣọ.
Kí n wá sọ pé àìsàn ni? Nínú SAP ìjọba yìí, tí ilé iṣẹ́ ń dá èèyàn dúró? Moses tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́rú, 8
Rédíò gbé aṣọ ọmọ wá. Aláwọ̀ ìyeyè. Mo gbà á. Èmi!

Ẹtì, 10
Bàbá Kaothar ti Jímọ̀ dé: "Wọ́n ní Ọlọ́run á sọ̀ wá láyọ̀. Kí la rù?" Mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Tó bá wá di oṣù kẹsàn-án ńkọ́?"
N kò sọ èrò mi fún un: n óò dá oògùn dúró, ẹsẹ̀ á fọn, n óò sọ pé oyún ti bàjẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Ìṣẹ́gun, 14
Ẹsẹ̀ ti fọn. Orí ń là mí.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ẹ̀jẹ̀ mi ti di 190 lórí 120. Nọ́ọ̀sì Stella, ní ilé ìwòsàn Ifákò, kígbe: "Mà, ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró?" Ó ní èròjà kan tó ń jẹ́ káṣíọ̀mù ló ń wọ inú ẹran ara òpó ẹ̀jẹ̀, tó ń mú un fún pọ̀. Oògùn yìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òpó á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọra kọjá. Ṣùgbọ́n bó ti dẹ̀ yẹn, omi ń jò sọ́rùn ẹsẹ̀, ojú ń gbóná. "Ẹ wá sọ fún wa, kì í ṣe kẹ́ ẹ sá." Dókítà dín in kù, ó fi òmíràn kún un.

Ẹtì, 24
134 lórí 84! Mo fẹ́ jó lójú títì.

Ìṣẹ́gun, 28
Mo ti sọ ọ́. Lákòókò ìsinmi, lójú gbogbo wọn, káàdì ilé ìwòsàn lọ́wọ́: n kò lóyún, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, oògùn sì ń ṣiṣẹ́. Rédíò ní, "Ẹ dá aṣọ ọmọ mi padà o!"
Baba Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ síwájú. Ó tẹ̀ ba, ó ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ – ẹsẹ̀ wíwú, bíi tèmi gẹ́lẹ́. "Oògùn kan náà," ó ní. "Ọdún méjì tí mo ti ń fi pa mọ́ rèé. Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín, Ìyá Kaothar. Ẹni tó bá fẹ́ lé yín, èmi ni kó kọ́kọ́ lé."
Lọ́la, n óò dá aṣọ ìyeyè padà. Tí agogo ìsinmi bá lù, èmi àti Baba Ìbọ̀sẹ̀ á gbé oògùn wa mì lójú gbogbo ayé.