Ìdùbúlẹ̀ Kì í Ṣe Àfojúdi

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Atlanta lọ́hùn-ún, ìwọ, Israel ọkọ rẹ àti àlejò kékeré tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà? Ẹ kú ewu ọmọ, ewu iná kì í pa àwòdì. Ewúrẹ́ rẹ náà ti bí ìbejì. Fọ́tò lẹ́tà yìí ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, ojúlówó rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi bí o bá fẹ́ kà á dáadáa.

Inú ń bí mi sí ọ tẹ́lẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí o pè wá lórí fóònù tí à ń rí ojú ara wa, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bàbá Ọlágúnjú, wọ agbádá, ó jókòó láti súre fún ọ, ìwọ sì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, o ń kí i. Bàbá ní ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ojú tì mí, mo ń yí fóònù sọ́tùn-ún sósì bóyá o máa nàró, títí ọrùn fi ń dun Bàbá.

Àfìgbà tí Israel ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọ ní ọ̀pá ẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde ló fa ẹ̀fọ́rí tó ń dà ọ́ láàmú, pé bí o bá jókòó orí á máa fọ́ ọ, bí o bá dùbúlẹ̀ á rọlẹ̀. Mo sunkún, èmi tí mo ti ń pè ọ́ ní aláfojúdi kiri àdúgbò.

Israel tún ní ọsibítù fún ọ ní fọ́ọ̀mù, pé wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù fún ẹ̀fọ́rí náà nínú oògùn oníhóró méjì kan, wọn ò ní sọ èyí tí wọ́n fún ọ, dókítà gan-an ò sì mọ̀ ọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé oògùn ọwọ́ ara rẹ̀. Má bínú sí i, bóyá ọjọ́ orí ló dé. Ṣáà tọ́ ọ wò, èyí tó bá korò jù ni oògùn, èyí tó bá dùn, súìtì ni. Kí o tó fọwọ́ sí i, bi wọ́n bóyá oògùn náà máa dé inú omi ọmú tí ọmọ ń mu.

Ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ mẹ́ta, Israel sì ní ò ń bẹ̀rù pé o ò ní lè jókòó gba ìre àwọn àgbà. Mo sọ fún Bàbá Ọlágúnjú. Ó ní kí n lọ ra ẹní. Jọ̀wọ́ fi owó ẹní ránṣẹ́, kó jẹ́ èyí tó fẹ̀, torí agbádá Bàbá kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la máa dùbúlẹ̀ síwájú fóònù kí ojú wa lè ko tìrẹ, orí ẹní ni Bàbá á ti súre.

Ọlọ́run á gbé ọ dìde, ọmọ mi. Títí o ó fi dìde, àwa náà ò ní dìde.

Èmi ni ìyá rẹ.