Ánímè Ìgbà Òjò Pẹ̀lú Hani

Sátidé, 27/9/2025

Mọ́kànlá! Kì í ṣe mẹ́ta o, kì í ṣe márùn-ún tí àwọn ọmọ Durumi fi ń yangàn. Odindi ánímè mọ́kànlá, fíìmù àyàwòrán àwọn ará Jàpáànù, ni èmi Usamah wò láti oṣù keje títí di òní, lórí fóònù tí ojú ẹ̀ ti fọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì, ní ọjà Dei-Dei l'Ábújá níbí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ánímè gba dígírì ni, Purofẹ́sọ̀ ni wọn ì bá máa pè mí. JS3 ni mo ti bá ìwé dágbére — ìwé náà mọ̀, kò bínú sí mi. Ta ló wá mọ ìtàn jù mí lọ ní gbogbo láìnì wa? Kó dìde ká rí i.

Òjò ló ṣe é. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, Ọ̀gá Tapólín (Bọ̀dá Múrítàlá ni, ọ̀gá mi, inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má lọ gbá mi létí) á fi igbe ta: "Tapólín! Tapólín!" A ó sáré bo símẹ́ńtì. Tírélà ò ní já ẹrù mọ́. Kọ́sítómà ò ní wá. Ó di kí òjò dá. Ibẹ̀ ni sinimá wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òní ni *Afárá* parí, èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo ẹ̀, tó sì dùn jù. Èmi nìkan ni mo wò ó. Ó dùn. Ó dùn gan-an ni.

Sọ́ńdè, 28/9

Irọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Mọ́ńdè, 29/9

Ayọ̀túndé dójú tì mí lónìí. Ayọ̀túndé tó ń ta wáyà iná ní ọ̀ọ́kán wa, tó ti wo ánímè tiẹ̀ tán, tó wá ń wá ẹni tí wọ́n á jọ sọ ọ́. Ó ní báwo ni mo ṣe rí ìparí *Afárá*. Mo ní ó dáa, Orí-Ìṣó, bọ̀bọ́ inú ẹ̀, pa ọba, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Àṣé kò sí ọba kankan nínú ẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Kai, Purofẹ́sọ̀! Ṣé ojú lo fi wò ó ni àbí imú?" Mo ní èyí tí èmi wò, tààrà láti Jàpáànù ló ti wá, tiẹ̀, ọjà Wuse ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ gbè mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé kà o. Mo mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù yẹn ló ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Kí n tó ka "because" tán, wọ́n ti pa ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Hani ló máa ń kà á. Hanifah, ọmọ Alhaja Ìdáyátù tó ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn wá. Á dojú garawa ọ̀dà dé, á jókòó lé e, èmi á di fóònù mú, òun á máa kà á. Kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì o. Yorùbá ló máa ń sọ ọ́ dà bó ṣe ń lọ, pẹ̀lú ohùn oríṣiríṣi — ohùn bàbá arúgbó, ohùn olè, ohùn ọmọ tó ń sunkún. Òun ló sọ gbogbo wọn lórúkọ. Bọ̀bọ́ tó ń ṣọ́ afárá, tí irun ẹ̀ rí ṣóńṣó ṣóńṣó, Orí-Ìṣó. Ọmọbìnrin tó máa ń gba orí afárá kọjá tí òjò bá ń rọ̀, tó fi aṣọ bo àtùpà, Àwẹ̀ró. Àwọn alábàárù á dúró sẹ́yìn wa, àwọn Hausa inú wọn á máa ní "Yauwa, Hanifah!" Wọn ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣáà ń gbádùn ẹ̀. Ta ló ń wo fóònù? Ẹnu ẹ̀ la ń wò.

Ó ti lọ sí Ìlọrin ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo gbé báàgì ẹ̀ dé gáréèjì. Mo ní kó bá mi kí àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ nìyẹn.

Wẹ́sìdé, 1/10

Ọjọ́ Òmìnira. Ìdajì ọjà tì. Oòrùn ràn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo jókòó lórí báàgì símẹ́ńtì, mo ń ro gbogbo èyí tí a wò.

Èyí tí ọkùnrin kan ń se oúnjẹ fún òkú — a ò gbọ́dọ̀ jẹun tí à ń wò ó. Hani ní a ò mọ ẹni tó lè na ọwọ́ sí i. Mo gbé ìrẹsì mi pamọ́ bí ọ̀dẹ̀. Ti bọ́ọ̀lù, tí ọmọ yẹn fò sókè ní Sátidé kan tí kò tíì balẹ̀ ní Sátidé kejì. "Ṣé kò níṣẹ́ ni?" Hani ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti róbọ́ọ̀tì, Ọ̀gá Tapólín fúnra ẹ̀ wá dúró wò ó. Nígbà tí róbọ́ọ̀tì wó ilé alájà ogún, ó mi orí, ó ní, "Símẹ́ńtì wo ni wọ́n lò?"

Ọ̀kan wà, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti iwin. Kò wúlò. Kò lórí, kò nídìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé etí hìjáàbù Hani wá sórí apá mi, kò mọ̀, mi ò sì mira. Ìdí tí mo fi wò ó tán nìyẹn.

Ẹni tó bá ka ibí yìí, ojú ẹ̀ á fọ́.

Jímọ̀, 3/10

A ti kírun Jímọ̀ dé. Mo gbé báàgì símẹ́ńtì kan lórí, mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaja. Alhaja ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó pariwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ lohùn ẹ̀ máa fi rìn dé Ìlọrin. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi! Ṣé o ti jẹun?"

Díẹ̀ ló kù kí báàgì yẹn já bọ́ lórí mi.

Nígbà tó parí, mo ní, "Alhaja, ta lẹ̀ ń pè ní Àwẹ̀ró?"

"Hanifah kẹ̀. Oríkì ẹ̀ ni. Màmá mi ló sọ ọ́. A kì í pè é níta, ojú máa ń tì í."

Ojú máa ń tì í. Láti oṣù keje ni èmi ti ń fi oríkì ọmọ ọlọ́mọ pariwo láàárín ọjà. "Àwẹ̀ró yìí rẹwà o!" "Ẹ wo ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró!" "Ẹ bá mi bẹ Àwẹ̀ró kó wá fẹ́ mi!" Tí mo bá ti sọ ọ́, Hani á wolẹ̀, á ní kí n gbé fóònù sókè díẹ̀, òun ò ríran.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn ni. Àbí? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Sátidé, 4/10

Ánímè tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Gbogbo wọn ń dáńlóòdù. Ayọ̀túndé ní kí n mú fóònù wá kóun fi sí i. Mo ní mi ò ṣe. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni.

*Afárá* ni mo padà sí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àtàńpàkò dá a dúró ní gbogbo ìlà. Mà á kà á, mà á wá ìtumọ̀, mà á jẹ́ kó lọ, mà á tún dá a dúró. Lẹ́yìn ìrun Àyìlà ni mo bẹ̀rẹ̀ épísóòdù kan, wọ́n ti ń pe ìrun Alásàrì mi ò tíì parí ẹ̀. Tí tíṣà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá rí mi, á pe ìyàwó ẹ̀ kó wá wò mí.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni mò ń wá o. Tí mo bá ti ń kà á, ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò bára mu. Lórí afárá, bàbá arúgbó wo Orí-Ìṣó, ó ní "The water is high." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hani kà á fún wa lọ́jọ́ yẹn pé: "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ ń dún bíi lánsípíkà mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n etí ẹ ti di." Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù!

Ó ń bú mi lójú ara mi, mo sì ń pàtẹ́wọ́.

Túsìdé, 7/10

Épísóòdù kẹrin, níbi tí Orí-Ìṣó ti bá Àwẹ̀ró di àtùpà mú. "Thank you" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Hani kà á pé, "Ọwọ́ ẹ gbóná. Má tíì mú un kúrò."

Alàmísì, 9/10

Alhaja wá bá Ọ̀gá Tapólín lówùúrọ̀, ó fẹ́ kó bá òun dúpẹ́. Wọ́n ti wá tọrọ Hanifah ní Ìlọrin. Oníkẹ́míìsì ni ọkùnrin náà, bàbá ẹ̀ àti bàbá Hani jọ kéwú ni. Ọmọ jẹ́jẹ́. Kì í pariwo. (Alhaja tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì pé kì í pariwo. Ṣé èmi ló ń wò?)

"Hanifah ńkọ́? Kí lòun sọ?" Ọ̀gá ló béèrè.

"Ó ní ká fún òun di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló ń dúró dè, mi ò mọ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Usamah, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ máa ń wo kátúùnù, ṣé ó sọ nǹkan kan fún ẹ ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ayé ló wà níbẹ̀ kí n mú ọ̀kan.

Mo ní, "Ánímè ni, Alhaja. Kì í ṣe kátúùnù."

Sọ́ńdè, 12/10

Mo ti dé épísóòdù kẹsàn-án. Mo ti ń bẹ̀rù ẹ̀, mi ò mọ ìdí.

Mo rántí ọjọ́ tí a wò ó, Sátidé tó tẹ̀lé Màwúlíìdì. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta sí i. Àwẹ̀ró dúró lórí afárá, àtùpà ẹ̀ ti kú, Orí-Ìṣó wà lápá kejì. Hani kà á, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀: "Tí mo bá lọ tí mi ò padà mọ́, ṣé wàá fi afárá yìí sílẹ̀, kó o wá mi wá?"

Mo dá a dúró níbẹ̀ lónìí. Mo dá a padà. Mo tún un wò.

Kò sí ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Kò sí rárá. Ẹnu ọmọbìnrin yẹn ò tiẹ̀ mira. Ó kàn dúró sínú òjò, ó ń wo bọ̀bọ́ náà. Mo rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Mo lọ bá Ayọ̀túndé, mo ní kó ṣí tiẹ̀. Bákan náà. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn? Wọn ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Ìdí tó fi dùn nìyẹn."

Mo rántí pé mo fún un lésì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mọ́ńdè, 13/10

Mo pè é. Kò gbé e.

Túsìdé, 14/10

Ó pè mí padà. Mo ti gbáradì: mà á kí i, mà á sọ ọ́, ó tán. Ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Mo ti ń kàwé báyìí o! Purofẹ́sọ̀ gidi!"

"Ìwọ? Usamah? Ta ló ń bá ẹ ṣí i?" Ẹ̀rín ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ó jọ pé ó wà lórí garawa yẹn.

Mo ní mo ti dé épísóòdù kẹsàn-án. Ẹ̀rín tán. Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, Hani.

Ó ní, "O ti wá rí i."

Mo ní kí ló dé tí kò bi mí lójúkojú.

"Ojú ẹ ni mo wò nígbà tí mo bi ọ́. O sì fèsì. Gbogbo wọn ló gbọ́."

"Mo rò pé fíìmù ni. Wàlláhì, mo rò pé fíìmù ni."

"Ó dáa."

Mo ní kó sọ fún oníkẹ́míìsì pé rárá. Ó ní kóun wá sọ pé torí kí ni. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi tọjọ́ yẹn. Ó ń dúró. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹnu mi yìí, tó lè ta símẹ́ńtì fún ẹni tó ń gbé inú àgọ́ — ahọ́n inú ẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo ní, "Sọ fún un pé Purofẹ́sọ̀ ní kó kọ́kọ́ wá ra símẹ́ńtì lọ́wọ́ mi, kó fi kọ́ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ná."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tí mo mọ̀. Ó ní kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n máa kàwé mi lọ, ó yẹ mí.

Jímọ̀, 17/10

Alhaja pín èso dàbínù káàkiri láìnì lẹ́yìn ìrun. Hani ti gbà. Ìyàwó oníkẹ́míìsì. Gbogbo wa ní àlùbáríkà. Mo jẹ dàbínù tèmi, mo jẹ ti Ayọ̀túndé náà mọ́ ọn, mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó kalẹ̀. Ọ̀gá Tapólín wò mí, kò pariwo, ó ní kí n lọ jókòó díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa mí lẹ́kún.

Ó dáa. Mà á kọ ọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Hani kà á tán, kò wo fóònù mọ́. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Usamah, kí ni kí Orí-Ìṣó sọ?" Àwọn alábàárù na ọrùn, Ayọ̀túndé náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń retí ẹnu mi. Irọ́ ni mo pa fún un lórí fóònù. Mi ò rò pé fíìmù ni. Mo rí ojú ẹ̀. Ó dá mi lójú bí mo ṣe mọ orúkọ mi pé èmi ló ń bi. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, èmi sì ni ọ̀gá ẹnu. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Kó máa lọ jàre. Òmíì á kọjá tí òjò bá tún rọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.