Orin Ìyá Àgbà Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Onígìtá

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀yin àti Bàbá. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó má fọwọ́ kan bàtà mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣì ń bọ̀.

Òjò ò dáwọ́ dúró ní Abidjan. Ẹrù ni mo ṣì ń rù ní Zone, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Yopougon. Ọ̀gá wa ní bí mo bá tún wúkọ́ bíi tòun lójú èrò, òun á lé mi.

Màámi, ẹ rántí orin tí Ìyá Àgbà fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún bí ẹ bá pẹ́ lóko? Lọ́jọ́ kan, mo sín Ìyá Àgbà jẹ ní àgbàlá ilé tí mò ń gbé ní Niangon níbí. Mo ká ètè wọnú bí ẹni tí kò léyín, mo ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, àfi àwọn ọmọkùnrin tó ń ta gìtá níbẹ̀. Wọ́n ní, petit, ìyẹn ọmọdé, kí n tún un kọ. Wọ́n fi gìtá oníná sí i, wọ́n ń lu ìlù bí ẹni ń lu páànù. Wọ́n gbé e jáde ní kásẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, kò sí gbákà, bọ́ọ̀sì akérò ibí, tí èèyàn wọ̀ tí wọn kì í fi orin náà sí. Orin tó ń mú wa sùn ni kò jẹ́ kí Niangon sùn mọ́! Mo ní orin ilé wa ni, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, rọ́ọ̀kì Abidjan ni.

Bí àárò ilé bá sọ mí, tí mo fẹ́ kọ ọ́ fún ara mi, ohùn Ìyá Àgbà kì í wá mọ́. Èmi tí mo lè sín ọmọ ewúrẹ́ jẹ kí ìyá rẹ̀ sáré wá! Gìtá ló ń ti ọ̀fun mi jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín lórí fóònù, tí mo ní kí ẹ kọ ọ́ fún mi. Ẹ ní wèrè mi ò tíì san, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Ó dé àárín, ẹ dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já ni. Àṣé ibi tí gìtá wọn ti máa ń ké lóun nìkan ni. Ẹ ń dúró dè é. Ẹ ní àwọn oníṣòwò ti kó kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín láti ọjà Adjamé ní Abidjan níbí, pé ó dùn ju ti Ìyá Àgbà lọ, kí n máa yọ̀.

Mi ò yọ̀, Màámi. Ìyá Àgbà ti sùn nínú ilẹ̀. Èmi ò mọ orin náà mọ́, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ta ni n ó tún bi?

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti ọmọdé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàbí