Orúkọ Dádì Lọ́rùn Gìtá

Dewitt àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Calgary? Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Yìnyín wó ilé adìẹ wa, ṣùgbọ́n adìẹ kankan ò kú. Ọwọ́ Dádì ṣì ń gbọ̀n. Oògùn tuntun náà ò ràn án.

Gìtá ńlá tí Dádì fún ọ ti dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ka ìwé tí o fi sínú àpótí rẹ̀. Kí n yọ VIRGIL, orúkọ Dádì, kúrò lọ́rùn gìtá, kí n fi DEWITT síbẹ̀? Ṣé orí rẹ pé báyìí? Èmi ni mo fi ayùn tín-ín-rín gé lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lára ìkarahun, tí mo tẹ̀ wọ́n sínú igi ọrùn rẹ̀, tí Mọ́mì ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi, ní ọdún tí Mọ́mì kú gan-an. O tún ní kí n pààrọ̀ ike pẹlẹbẹ ojú gìtá tó ń gba igi lọ́wọ́ èékánná, pé ó ti gbó!

Dádì rí i lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ó ki ìka bọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ha àwòrán òdòdó ara ike náà dànù láti ogójì ọdún.

"Ardith, Dewitt ló ní kí o tún un ṣe? Ọmọ yẹn mà ń ta gìtá o!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ fún un pé o ní kí n yọ orúkọ rẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún bàbá mi nítorí rẹ. Bàbá ò tíì kú, o ti ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ojú ò tì ọ́?

Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ń dá a padà bó ṣe wà. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tìrẹ ni, máa fi kọrin títí ìka rẹ yóò fi ha àmì tìrẹ sára ike náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dádì.

Èmi Ardith, ẹ̀gbọ́n rẹ.