Ikọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 8 Fẹ́búárì 1971
Ìyá ọkọ mi tún wúkọ́ mọ́jú. Oṣù kẹta rèé tí mo wọlé wọn. Oṣù kẹta ikọ́ náà nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi — Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, eyín ẹ̀ dára ju ẹnu ẹ̀ lọ — ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ lójú mi: "Ìwọ ewúrẹ́, ṣé ìyá wa ń wúkọ́ kí ẹsẹ̀ kan tó wọlé yìí?" Ewúrẹ́ ò fèsì. Mo gbé korobá, mo lọ pọnmi.

Ọjọ́rú, 10 Fẹ́búárì
Ará ilé bá mi nídìí ààrò, ojú mi pọ́n. Mo ní èéfín ni. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Fẹ́búárì
Ẹni-Mi (ọkọ mi — ojú ń tì mí láti kọ orúkọ ẹ̀) ní ẹbí ń sọ pé kí n ṣì padà sílé bàbá mi ní Tápà títí ara Ìyá á fi yá. Mo mọ "títí" yẹn. Ìyàwó tó bá bá a lọ kì í padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Fẹ́búárì
Nọ́ọ̀sì kan wá bá àwa obìnrin sọ̀rọ̀. Ó ní èéfín ò mọ lójú nìkan, ó ń wọ àyà, ó ń dá ikọ́ sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń yan gàrí nínú ilé tí ò ní ojú atẹ́gùn. Àpèkẹ́ aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, èéfín ló tọ́ wa dàgbà o! Ilé tí ò rú èéfín, ebi ló wà ńbẹ̀." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa dáná, màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rọ́nà jáde. Níbo ni tiyín ń gbà jáde?"
Mo yíjú sílé wa.
Yàrá mi! Ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n kọ́ ọ mọ́ nígbà ìgbéyàwó wa. Wọ́n fi amọ̀ dí fèrèsé ilé ìdáná náà, ibi tí Ìyá ti ń yan gàrí. Ibi tí mo ń fi aṣọ kọ́ gan-an — ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò bi ara mi léèrè rí.
Ẹsẹ̀ mi kọ́. Ògiri ni.

Ọjọ́bọ̀, 18 Fẹ́búárì
Mo sọ fún Ẹni-Mi lọ́nà oko. Ó ní: "Èmi gan-an ni mo po amọ̀ yẹn." Ló bá di ẹ̀rín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Fẹ́búárì
Ẹni-Mi lu fèrèsé tuntun sára ilé ìdáná, síhà ẹ̀yìnkùlé. Agbada gàrí di abẹ́ máńgòrò. Ìyá ń kùn: "Kí gbogbo àdúgbò wá máa fojú jẹ gàrí mi?"

Ọjọ́ Ajé, 22 Fẹ́búárì
Wọ́n yẹ Ìyá wò ní ọsibítù. Kì í ṣe ikọ́ ife. Wọ́n ní kí Ìyá ṣáà jìnnà sí èéfín. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Máàṣì
Ìyá sùn mọ́jú. Mo tẹ́tí, tẹ́tí — wọ́n kàn ń hanrun ni. Ìhanrun tó dùn!
Láàárọ̀, Eyínfúnjowó tún kọjú sí ewúrẹ́: "Bá mi sọ fún ìyàwó wa pé gàrí pọ̀ nílẹ̀. Kò sáyè Tápà."
Mo ní: "Ewúrẹ́, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀."